Èsì fún Bàbá Kíláàsì

“Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn.”

Ìdáhùn kejìlélógún nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kà á tán, ó tún padà ka àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bóyá á rí ẹyọ ẹnì kan tó máa jiyàn. Kò rí. Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ kú ọgbọ́n, bàbá. A ti kọ ọ́ sílẹ̀, bàbá. Ẹnì kan tiẹ̀ wà tí kò fi nǹkan kan síbẹ̀ ju àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, obìnrin náà jókòó sídìí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọdún méjìlá ló fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kó tó di pé ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtọ́jú aláìsàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógójì ló ní, kò sì tíì fojú kan ọ̀kankan nínú wọn rí. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Tó bá fi ìbéèrè sójú ìwé ìjíròrò ní Ọjọ́ Ajé, ìbéèrè náà á wà níbẹ̀ títí di Ọjọ́ Ẹtì láìrí ẹni kí i. Ọ̀gá rẹ̀, tó ń bójú tó gbogbo kíláàsì, kì í jẹ́ kó sinmi: ojoojúmọ́ ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í pé kí ló dé tí àwọn èèyàn rẹ̀ yadi.

Bàbá Kíláàsì ló yọ ọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Torí ìyàwó rẹ̀ tí wárápá máa ń gbé ló ṣe wá kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tó wọlé, ó kí gbogbo wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ṣàdúrà fún wọn, ó wá kọ ọ́ pé: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì nìyí? Tíṣà ń bi yín ní nǹkan, ẹ ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá!” Ojú tì wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Kíláàsì, ọ̀gá tó ń bójú tó kíláàsì sì kọ̀wé ìgbóríyìn sí nọ́ọ̀sì.

Wàhálà wá dé lọ́sẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì béèrè pé bí wárápá bá gbé èèyàn ṣánlẹ̀ níṣojú yín, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Bàbá ló kọ́kọ́ dáhùn: “Ṣíbí ni. Ẹ tètè fi ṣíbí há a láàárín eyín, kó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe é fún ìyàwó mi.” Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe rárá gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ti rí ọkùnrin kan nílé ìwòsàn tí eyín tó kán sí i lọ́fun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn aláìsàn gidi.

Ó kọ èsì sí bàbá níkọ̀kọ̀. Wákàtí kan gbáko ló fi kọ gbólóhùn mẹ́ta, torí kò fẹ́ kó dà bí ẹni ń bá àgbàlagbà wí: “Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí màmá hàn nínú ìdáhùn yín. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn yẹ̀ wò díẹ̀.” Èsì náà dùn, ó dán, kò sì sọ nǹkan kan. Bàbá tún un yẹ̀ wò lóòótọ́. Láàárọ̀ yìí ló padà wá kọ ọ́ sójú gbogbo wọn: “Tíṣà wa ní kí n tún ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹ̀ wò. Onírin ni kẹ́ ẹ lò o, onígi máa ń kán.” Òun ni èèyàn méjìlélógún ń kí i kú ọgbọ́n sí.

“Kí ló dé tó o fajú ro bẹ́ẹ̀?” Ìyá nọ́ọ̀sì ló ń béèrè láti orí àga ní pálọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún ló ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

“O wá fẹ́ ṣe kí ni?”

“Mo fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.”

“Lójú gbogbo wọn? Ẹni tó tó bí ẹ lọ́mọ!”

“Màmá, gbogbo wọn ló ka tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ti kà á náà ló yẹ kí wọ́n ti ka tèmi.”

“Pè é lórí fóònù. Rọra bá a sọ ọ́, tí ò ní dun ẹnikẹ́ni.”

Ó pè é. Bàbá kí i, ó kí ìyá rẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́, ó ṣàdúrà fún un títí àmín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀. “Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì, ọmọ mi,” ó ní, “kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan mọ́. Ìwọ lo sọ mí dèèyàn padà.” Nọ́ọ̀sì ní òun kàn ní kí òun kí wọn ni. Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, inú bí i sí ara rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: “Ọ̀rọ̀ ṣíbí tí Bàbá sọ kò tọ̀nà. Ẹ má fi ohunkóhun sẹ́nu ẹni tí wárápá ń gbé. Eyín lè kán, ó lè há a lọ́fun, ó lè kú. Ẹ má dì í mú. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wo aago kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe pẹ́ tó.” Ó tẹ̀ ẹ́ lọ kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà.

Ó ń rí i lójú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń kà á: ẹni mẹ́wàá, ẹni ogún, gbogbo wọn pátá. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí bàbá kú ọgbọ́n láàárọ̀ ni, ojú wo ni wọ́n fẹ́ fi kí ẹlòmíràn kú ọgbọ́n lọ́sàn-án?

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù dún.

“Tíṣà.” Bàbá Kíláàsì ni. Kò pè é ní ọmọ mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú…”

“Eyín mẹ́fà,” bàbá ní.

“Sà?”

“Eyín mẹ́fà ló ti kán lẹ́nu ìyàwó mi. Mo rò pé wárápá ló ń kán an. Ṣé ṣíbí mi ni?”

Nọ́ọ̀sì wá irọ́ tó máa pa, kò rí. “Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni, sà.”

“Mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ gan-an,” bàbá ní. “Mo lágbára nígbà yẹn. Ṣé kí n sọ fún un?”

Iṣẹ́ tí wọ́n gba nọ́ọ̀sì fún ni kó máa fún èèyàn lésì, èyí sì rèé, kò ní ẹyọ kan. “Mi ò mọ̀, sà,” ló ní. Bàbá dúpẹ́, ó pa fóònù.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kọ ọ́ sójú ìwé ìjíròrò: “Tíṣà ló tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ má ṣe bíi tèmi.” Ìgbà yẹn ni ẹnu àwọn yòókù wá là. “Ọmọ mi ni mo ṣe é fún.” “Ìyá mi ni tèmi. Àwa mẹ́ta la máa ń dì í mú.” “Àbúrò mi ni. Ó ti kú.” Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ò sì mọ ohun tó lè kọ sí wọn ju pẹ̀lẹ́ lọ. Kó tó kí ẹnì kan pẹ̀lẹ́ tán, mẹ́ta mìíràn ti dé. Ẹnu rẹ̀ ló wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀gá fi wọlé: “Ìdáhùn mẹ́tàdínlógójì láàárín wákàtí kan! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ má jẹ́ kó tutù o.”

Nígbà tó yá, ti bàbá dé níkọ̀kọ̀: “Mo ti sọ fún un. Ó ní òun mọ̀. Ó ní dókítà eyín ti sọ fún òun láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun rí i pé mò ń gbìyànjú ni.”

Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní pálọ̀.

“Màmá, ǹjẹ́ nǹkan kan wà tí mò ń ṣe fún yín tó ń ni yín lára, tẹ́ ẹ kàn ń mú mọ́ra?”

“Kò sí o, ọmọ mi,” ìyá rẹ̀ ní. “Gbogbo ẹ̀ ló dáa.”

Kíá ló sọ ọ́, bí ẹni tó ti ní in lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de èsì tòótọ́.