Kúlà Tí A Kọ Orúkọ Ṣọlá Sí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wá ìjà Tàwàkálítù ní àdúgbò Ìkòsí, kò yẹ kó ṣe wàhálà púpọ̀. Kó ṣáà ti jẹ oúnjẹ rẹ̀, kó wá sọ pé ata pọ̀ jù. Òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí Ketu, àwọn tíṣà pàápàá sì máa ń fi ọgbọ́n tò mọ́ àwọn ọmọ. Sherifdeen ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọkọ̀ Sienna gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé-ìwé láràárọ̀, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn pé ọbẹ̀ ta díẹ̀. Gààrí àti omi tútù ni ó fi pa ebi fún odindi ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fi gbogbo nǹkan fún ẹnìkan. Nínú ilé Tàwàkálítù gan-an, ọmọ kan wà tí kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ṣọlá ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Cecilia, ìyàwó àkọ́kọ́ Sherifdeen, ló bí i kó tó ṣaláìsí. Ọ̀dọ̀ ìyá Cecilia, tí gbogbo wọn ń pè ní Grandma Ifákọ̀, ni Ṣọlá gbé dàgbà. Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá ni orúnkún Grandma kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú un lọ sí Ìbàdàn, Ṣọlá sì kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìkòsí.

Ọmọ tó mọ̀wàá hù ni. A kúnlẹ̀ kí Tàwàkálítù láàárọ̀, a gbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, a sì máa kọ́ Ràhmát ní ìwé kíkà. Ràhmát ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tí Tàwàkálítù bí, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni Ṣọlá máa ń sọ: "Mo ti yó, ma. Ẹ ṣeun." Búrẹ́dì inú ọ̀rá, bísíkíìtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, indomie tí òun fúnra rẹ̀ sè, ìyẹn ló ń jẹ. Nígbà tí ebi bá sì fẹ́ pọ̀ jù, bàbá rẹ̀ a yọ́ jáde lọ ra ẹ̀wà fún un ní títì, a wá máa gbé e wọlé bí ẹni tó jí i.

Tàwàkálítù kò bínú sí ọmọ náà. Ó dùn ún ni. Ó dùn ún débi pé bó bá ń bu ìrẹsì fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n ń na àwo sí i pé "Aunty, ẹ fi kún un," omi a lé ròrò sí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, a ní èéfín ni. Gáàsì sì ni ó fi ń dáná.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi gígùn, Sherifdeen ní òun yóò kó gbogbo ilé lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan lápá Lẹ́kí, níbi tí ọmọdé ti ń gun kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè, tí wọ́n sì ń wa mọ́tò kéékèèké gbá ara wọn láìsí pé ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni. Wọn yóò sùn síbẹ̀ pẹ̀lú. Ràhmát fò, ó fò, àfi ìgbà tó fi orí gbá tábìlì. Inú gbogbo ilé dùn títí ọ̀rọ̀ fi kan oúnjẹ.

"A máa ra oúnjẹ níbẹ̀ ni," Sherifdeen sọ. "Vacation la ń lọ. Ta ló ń ru ìkòkò lọ sí vacation?"

"Èmi ni," Tàwàkálítù dá a lóhùn. "Daddy Ṣọlá, ṣé ẹ ti gbàgbé bí inú Ràhmát ṣe ṣe nígbà tẹ́ ẹ ra oúnjẹ ìta fún un lọ́jọ́ iléyá? Mi ò lè máa sáré gbé ọmọ lọ sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì níwájú kẹ̀kẹ́ ńlá. Màá sè é látilé."

"Ṣé kò yẹ kí ìwọ náà sinmi ni? Enjoy ara ẹ."

"Bí mo ṣe ń enjoy nìyẹn."

Ìdí tó sọ jáde nìyẹn. Èyí tó fi pamọ́ sínú yàtọ̀. Bí wọ́n bá ra oúnjẹ nínú ọgbà, Ṣọlá yóò jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí, yóò yó, yóò sì padà wá sí Ìkòsí wá dojú kọ búrẹ́dì inú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé oúnjẹ òun nìkan ló wà nílẹ̀ ńkọ́? Ọmọ á ṣeré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kò ní sí ìsọ̀ bísíkíìtì nítòsí, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tàwàkálítù mọ̀ pé èrò náà kò dára tó, pé èèyàn kì í fi ebi dẹ pàkúté fún ọmọ. Ojú tì í díẹ̀. Kò sì tìtorí ìyẹn jáwọ́.

Wọ́n fà á títí, wọ́n wá parí rẹ̀ sí pé oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán yóò ti ilé lọ, kí wọ́n máa ra ti alẹ́ nínú ọgbà.

Mummy Charles, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tó sì ti tọ́ ọmọ ọkọ dàgbà rí, ló dá àbá tó kù. "Ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀," ó ní. "Ra kúlà kékeré fún un, kọ orúkọ ẹ̀ sí i. Kí ẹran inú ẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Tọ́mọ bá rí i pé o dá òun yàn báyẹn, inú ẹ̀ á yọ́ sí ẹ."

Ìmọ̀ràn náà dùn létí. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó, wọ́n ṣètò inú ọmọ láìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ.

Tàwàkálítù lọ sí Mile 12 fúnra rẹ̀ lọ ṣa ata tútù. Ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ó dín dòdò, ó dín adìẹ, ó sì fi ewé we mọ́ínmọ́ín. Mọ́ínmọ́ín Ṣọlá nìkan ló ní ẹyin nínú. Ó kó ti gbogbo ilé sínú kúlà ńlá, ó wá to ti Ṣọlá sínú kúlà kékeré tuntun kan, itan adìẹ tó tóbi jù lọ sì wà lókè rẹ̀. Ó fi máàkà kọ ṢỌLÁ sí ara rẹ̀ gàdàgbà.

Ọgbà náà dára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Láàárọ̀ yẹn ni Tàwàkálítù kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín Ṣọlá, ẹ̀rín gidi, èyí tó ń ti ikùn wá. Nínú mọ́tò kékeré, ó fi apá kan di Ràhmát mú pinpin, ó fi ìkejì ń wa ọkọ̀, ó sì ń kígbe mọ́ àwọn tó ń bọ̀ wá gbá wọn pé kí wọ́n rọra, ọmọdé wà níbí. Tàwàkálítù dúró lẹ́yìn irin, inú rẹ̀ dùn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òní ni ọmọ yìí yóò jẹun.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí wọ́n lọ kó kúlà wá láti inú ọkọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní àwọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ ilé wọ inú ọgbà. Wọ́n bá padà síta níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi fúrúùtù kan. Tàwàkálítù kọ́kọ́ gbé kúlà kékeré jáde, ó gbé e ka iwájú Ṣọlá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Tìẹ rè é," ó ní. "Tìẹ nìkan."

Ṣọlá ṣí i. Ó wo itan adìẹ náà. Ó wo mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀rín tó ṣì wà lójú rẹ̀ láti inú ọgbà wá parẹ́ pátápátá. Ó rọra dé kúlà náà padà.

"Mo ti yó, Aunty. Ẹ ṣeun."

Ikùn rẹ̀ kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́ ọ.

"Aunty Ṣọlá, ẹ fún mi ní ẹran yẹn," Ràhmát sọ. Ọmọ yẹn kì í dúró gba èsì. Ó ti ṣí kúlà, ó ti mú itan adìẹ náà, ó ti ń gbé e lọ sẹ́nu.

Ṣọlá gbá a dànù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. "Má jẹ ẹ́! Ràhmát, kó o má kú!"

Ẹran wà lórí iyanrìn. Sherifdeen dìde dúró.

"Ṣọlá! Kí lo sọ yẹn?"

"Daddy Ṣọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Tàwàkálítù ní. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ṣọlá, mi ò ní nà ẹ́. Kí ló wà nínú oúnjẹ yẹn?"

Ẹkún gba ẹnu ọmọ náà. "Mi ò mọ̀, ma. Grandma ló ní, tí wọ́n bá gbé oúnjẹ tèmi nìkan fún mi, tí àwọn tó kù ò bá mi jẹ ẹ́, kí n má fi kan ẹnu. Nínú ìtàn, àwo ọ̀tọ̀ ni ìyàwó bàbá máa ń fi nǹkan sí. Ẹ̀yin náà, nílé, ẹ máa ń dé tèmi sọ́tọ̀."

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí Ṣọlá ti dé, tirẹ̀ ni Tàwàkálítù máa ń kọ́kọ́ bù, a fi ẹran tó dára sí i, a fi ìdérí dé e, a gbé e sí kọ̀rọ̀ kí ọwọ́ Ràhmát má bàa tó o. Ó rò pé ìfẹ́ lòun ń dé síbẹ̀.

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Bí Grandma Ifákọ̀ bá wà nítòsí ni, orúnkún tó kù ì bá dùn ún. Ṣùgbọ́n Tàwàkálítù náà ti jókòó rí lábẹ́ òṣùpá ní Ìsẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré, ó ti gbọ́ irú ìtàn wọ̀nyẹn, ó ti bá wọn gbe orin rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni ìyá òun kú, tí wọ́n wá mú òun wá sọ́dọ̀ obìnrin àjèjì tó ń dé àwo fún òun nìkan, ṣé òun yóò jẹ ẹ́? Kò ní jẹ ẹ́ láéláé.

Ó wá wo ọwọ́ Ṣọlá. Ọmọ náà kò tíì fi Ràhmát sílẹ̀. Ó rò pé ikú wà nínú oúnjẹ, ó sì kọ̀ kí ọmọ ẹni tó gbé e wá kú. Ibi tí èèyàn yóò ti bínú sí ìyẹn, Tàwàkálítù wá a, kò rí i.

Ó nawọ́ mú tíréè ńlá. Ó da oúnjẹ inú kúlà kékeré sí i, ó da ti kúlà ńlá lé e, ó wá fi ìgbakọ pò ó pọ̀ títí ẹnikẹ́ni kò fi lè mọ ìrẹsì tó jẹ́ ti ta ni.

Ìyá Tàwàkálítù kì í gbé omi fún àlejò láìkọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú rẹ̀. Kì í ṣe pé àlejò fura. Ẹni tó gbé nǹkan wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bá a nílé. Tàwàkálítù ti pẹ́ ní Èkó, ó ti sọ àṣà yẹn nù láàárín àwo onídèérí.

"Bísímíláì," ó ní. Ó bu mọ́ínmọ́ín níbi tí ẹyin wà, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì la ẹnu hàn wọ́n bí ẹni tó lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ràhmát rẹ́rìn-ín, òun náà bù tirẹ̀. Sherifdeen bù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá, bóyá àwọn yóò gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Tàwàkálítù kò sọ fún Ṣọlá pé kó wá jẹun. Ó kàn sún díẹ̀ kí àyè wà láàárín òun àti Ràhmát. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní, ìrẹsì ọjọ́ náà kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ rárá. Ó ṣáà ń jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, omi ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ṣọlá ló ń wẹ ọwọ́.

Ó wá jókòó sí àyè náà. Ó dijú, ó gbàdúrà bí Grandma ṣe kọ́ ọ. Àdúrà náà gùn ju èyí tí èèyàn ń gbà sórí oúnjẹ lásán lọ, kò sì sí ẹni tó bá a wí. Ó wá na ọwọ́ síbi tí Tàwàkálítù ti bù gan-an, ó bù ú, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó tún bù ú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró, ó la ẹnu, ó ń fa atẹ́gùn wọlé.

"Aunty."

"Hẹn?"

"Ata yìí pọ̀ jù, ma."

Sherifdeen dáwọ́ jíjẹ dúró. Ó wo ọ̀nà ibi tí mọ́tò wà bí ẹni tó fẹ́ sá.

Tàwàkálítù wo ọmọ náà. Kò sí ẹni tó lè mọ bí ata oúnjẹ ṣe rí àfi ẹni tó jẹ ẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, kò sì bò ó.

"Mummy, kí ló ṣe yín?" Ràhmát béèrè.

"Èéfín ni," Tàwàkálítù dáhùn. Kò sí iná kankan ní gbogbo àyíká ibẹ̀. "Ó pọ̀ lóòótọ́, Ṣọlá. Tá a bá ti délé, ìwọ lo máa bá mi bu ata sí i, kó o sọ ibi tó yẹ kó mọ."

Ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó mu díẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbé e fún un. Ṣọlá mu ún tán, ó nu ẹnu, ó sì na ọwọ́ padà sínú tíréè.