Ẹsẹ̀ Òsì Lágúnjú

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ka gbogbo àwọn tó lè pa irọ́ ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ lára Lágúnjú. Kò ní tíì kúrò lórí rẹ̀ tí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Lọ́rì ni Lágúnjú wà títí irun fi kúrò láàárín orí rẹ̀. Bẹ́dífọ́ọ̀dù onípákó ni lọ́rì náà, wọ́n kọ KÒ DÚRÓ WÒRAN sí i níwájú orí gàdàgbà. Nígbà tí lọ́rì kú, tí àwọn tó ń ra irin gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, orúkọ yìí kọ̀, kò bá a kú; ó fò lé olówó rẹ̀ lórí. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ní Sábó, bó bá rí Lágúnjú, Bàbá Kò-Dúró-Wòran ni yóò pè é kó tó mu ọmú.

Pákó ẹ̀yìn lọ́rì yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí gáréèjì àtijọ́, orí rẹ̀ ni Lágúnjú àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, dẹ́rẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tirẹ̀, máa ń jókòó sí. Dúrósinmí ń bẹ lápá òsì, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí lọ́rì tirẹ̀ ń jẹ́ SÙÚRÙ LÉRÈ. Awódélé ń bẹ lápá ọ̀tún, ọkùnrin kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Àárín ni ti Lágúnjú, níbi tí sìtiárìn ì bá wà bí pákó bá ní sìtiárìn.

Ọjọ́ Àìkú kan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lásìkò tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú.

“Orí òkè Ẹfọ̀n ni,” Lágúnjú bẹ̀rẹ̀. “Mo gbé kòkó, mo ń sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì já.”

“Ó tún ti já,” ni Awódélé wí. “Bíréèkì tó ń já lójoojúmọ́ bí okùn ṣòkòtò.”

“Bíréèkì já! Mo wo ọ̀tún, ọ̀gbun. Mo wo òsì, ọ̀gbun. Mo ṣílẹ̀kùn, mo na ẹsẹ̀ síta, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ọ̀dà títì mọ́lẹ̀. Lọ́rì ń wọ́ mi lọ, iná ń ṣẹ́ lábẹ́ bàtà mi pàrà pàrà. Nígbà tí yóò fi dúró, àwọn ará abúlé ti kó àgbàdo jáde, wọ́n ń sun ún nídìí gìgísẹ̀ mi.”

“Ẹsẹ̀ wo ni?” Dúrósinmí bi í.

“Òsì. Ẹ̀yin ẹ ò mọ ẹsẹ̀ òsì yìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi a máa sùn, èyí kì í sùn. Ó ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, ògiri ló ń tẹ̀. Ògiri yàrá mi ti dagun.”

“Bíréèkì tèmi ò já rí,” ni Dúrósinmí sọ.

“Báwo ni yóò ṣe já?” Awódélé kígbe. “O lò ó rí ni? Ọkọ̀ tó bá ń rìn ló nílò bíréèkì! Ìwọ tí o gbé tòmátì ní Jọ́ọ̀sì, kí o tó dé Ifẹ̀, tòmátì ti rà, ó ti hù, ó ti so òmíràn. Òmíràn yẹn lo já fún ọlọ́jà.”

“Ṣùgbọ́n ó dé,” Dúrósinmí fèsì.

Lágúnjú rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ojú rẹ̀ wà lódìkejì títì, níbi tí Mùnírátù ti ń ti ìsọ̀ ẹ̀wà rẹ̀. Ó ti wọ léèsì, ó gbé ìborùn aláwọ̀ ewé lé èjìká. Ọjọ́ ti pé.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Opó ni Mùnírátù, Ìyá Hàjàrá ni àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é. Láti ìgbà tí Lágúnjú ti ń bá a kó ẹ̀wà wá láti Kánò ni wọ́n ti mọra, nítorí pé nínú gbogbo dẹ́rẹ́bà ìgbà náà, òun nìkan ni àpò ẹ̀wà kì í rù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìyàwó Lágúnjú náà wá lọ bá àwọn àgbà, tí ọdún ń gorí ọdún, Lágúnjú ní òun fẹ́ fẹ́ Mùnírátù. Mùnírátù kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

“Bàbá Ìyábọ̀dé,” ni obìnrin náà wí fún un, “èmi ò ní kọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìpetumodù ló tọ́ mi dàgbà. Ẹ lọ kí i. Bó bá ní ó dáa, ó dáa. Bó bá ní rárá, a ò ní tún ọ̀rọ̀ yìí sọ mọ́.”

Ẹ̀gbọ́n náà, Oyèwọlé, akọ̀wé kóòtù ni kó tó fẹ̀yìn tì. Irú àgbà tó jẹ́ pé bí eṣinṣin bá wọ ilé rẹ̀ láìkí i, yóò ní kó padà síta kó tún un wọ̀. Ọkùnrin kan ti lọ tọrọ Mùnírátù rí, ó fi ìka kan ilẹ̀ dípò kó dọ̀bálẹ̀. Oyèwọlé ní, “Abẹ́rẹ́ rẹ ló jábọ́ ni? Nígbà tí o bá rí i, kí o máa lọ.” Báyìí lọ́rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣe parí.

Èyí ló ń já Lágúnjú láyà. Ìjókòó lọ́rì ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di pákó; kò lè tẹ̀, kò lè ká. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Bó bá dé ìdajì, yóò há síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ dógùn-ún, Awódélé yóò wá máa wò ó ní apá ibí, yóò máa wò ó ní apá ọ̀hún.

“Kí n pe mẹ́káníìkì ni, àbí kí n wá gírísì?”

“Fà mí dìde, jàre!”

“Dúró ná. Kí n mọ̀ bóyá ẹyẹ á bà lé ọ.”

Ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ dé bí Mùnírátù ṣe ń sọdá títì. Hakeem, ọmọ Dúrósinmí, ló wà á wá: tòkunbọ̀ pupa fòò, epo wà nínú rẹ̀. Lágúnjú ti taku tẹ́lẹ̀ pé òun fúnra òun ni yóò wà á. Ọkọ ìyàwó tí wọ́n gbé lẹ́rù dé ọ̀dọ̀ àna, ẹrù ni wọn yóò kà á sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” Hakeem sọ, “ọkọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ o. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ó fa jíà wá síbi D yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní…”

“Ta lò ń kọ́?” Lágúnjú já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. “Nígbà tí mo ń wakọ̀, bàbá ẹni tó rọ ọkọ̀ yìí kò tíì mọ bí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́. Bàlúù kan ṣìnà lókè Ṣàgámù, ta ni wọ́n yọrí sí pé kó júwe ọ̀nà? Èmi ni!”

Hakeem wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọmọ náà gbé kọ́kọ́rọ́ lé Lágúnjú lọ́wọ́, ó dúró sí Sábó.

Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ọkọ̀ ọ̀hún kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ jíà, ẹsẹ̀ kan péré ló sì ń fẹ́: bíréèkì ló wà níbi tí ẹsẹ̀ òsì dẹ́rẹ́bà àtijọ́ yóò máa wá kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí. Awódélé ti yọjú wo abẹ́ sìtiárìn, ó ti rí i. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó di ìjókòó iwájú mú tọwọ́ tọwọ́, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó sanwó ìran.

Dúrósinmí wọlé tẹ̀ lé e, ó gbé àgò ẹyẹ ẹtù méjì tí wọ́n fẹ́ fi kí àna, tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Gàm̀bàrí lé itan. Mùnírátù jókòó síwájú.

Ọ̀nà Ìpetumodù kò gba Enuwa. Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ̀ pupa wà fún bí aráyé kò bá rí i? Lágúnjú darí sí Enuwa. Ọkọ̀ ń yọ́ lọ bí epo lórí ẹ̀kọ, Lágúnjú ń fọn fèrè, ó ń juwọ́ sí ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Níwájú ààfin gan-an ni etí rẹ̀ gbọ́ tí ẹ̀rọ ké díẹ̀. Láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, bí ẹ̀rọ bá ké báyẹn, jíà kejì ló ń bèèrè. Lágúnjú kò rò ó. Ẹsẹ̀ òsì ló rò ó fún un. Ẹsẹ̀ gbéra, ó wá kílọ́ọ̀ṣì, ó rí ohun kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára tó fi ń tẹ Bẹ́dífọ́ọ̀dù.

Ọkọ̀ dúró bí ẹni gbá ògiri. Gèlè Mùnírátù kọ́kọ́ dé ara gíláàsì kó tó padà wá bá orí. Àgò ṣí, ẹtù kan gorí Dúrósinmí, èkejì wọ inú agbádá rẹ̀, àwọn méjèèjì ń ké bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Awódélé nìkan ni kò mira.

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀gbẹ́ títì: “Háà! Bàbá Kò-Dúró-Wòran, ẹ ti wá dúró wòran báyìí?”

Enuwa rẹ́rìn-ín títí òrùn fi yẹ̀ díẹ̀.

“Ewúrẹ́ ló kọjá,” Lágúnjú sọ.

“Èmi ò rí ewúrẹ́,” ni Mùnírátù dáhùn.

“Ó yára.”

Ó tún gbéra. Ní Lágere, ẹ̀rọ tún ké, ẹsẹ̀ òsì tún jíṣẹ́. Ẹtù tí Dúrósinmí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú tún bọ́. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀ọ́kán ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ewúrẹ́ tí kò sí ti kọjá tó odidi agbo kan.

“Ẹ dúró,” Mùnírátù sọ. “Ẹ dúró gidi.”

Lágúnjú gun etí títì. Ó pa ẹ̀rọ.

“Bàbá Ìyábọ̀dé, kí lẹ̀ ń tẹ̀?”

“Kílọ́ọ̀ṣì.”

“Kò ní,” Awódélé dáhùn láti ẹ̀yìn. Ó ti rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Kò ní kílọ́ọ̀ṣì láti Sábó!”

“O mọ̀?” Dúrósinmí bi í, ẹtù lọ́wọ́.

“Bí mo bá sọ, ṣé ẹ ò ní gbàgbé? Báyìí, ẹ ò ní gbàgbé mọ́ láéláé.”

Lágúnjú wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó já a kulẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun tilẹ̀ kìlọ̀ fún un, kò ní gbọ́. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé Oyèwọlé ti dá àkókò, àti pé ẹni tó bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ẹjọ́ rẹ̀ ti tú ká. Ó kanlẹ̀ rò ó wò pé kí òun ní kí wọ́n yí padà.

Mùnírátù kò bá a rò ó. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa ìborùn aláwọ̀ ewé yọ léjìká, ó fi di ọrùn ẹsẹ̀ òsì náà mọ́ irin ìdí ìjókòó, kókó kan, òmíràn lé e, bí àwọn oníṣòwò ẹ̀wà ṣe ń di ẹnu àpò. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, kó wá ọ̀bẹ.

“Ẹ máa fi ọ̀tún wà á.”

Wọ́n ń lọ. Ẹ̀rọ ń ké, ẹsẹ̀ òsì ń jà nínú ìdè bí àgbò ọjọ́ Iléyá, ọkọ̀ sì ń rìn bí omi. Láti ibẹ̀ dé Ìpetumodù, kò sí ewúrẹ́ kankan tó tún kọjá.

Oyèwọlé ti wà lójúde, ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó gbé ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ìdájọ́. Lágúnjú dá ọkọ̀ dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Ó ti jíà padà síbi tó ti bá a, ó pa ẹ̀rọ. Ìbẹ̀rù gba ọkàn rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn, ẹ̀yìn nìkan ló ń rò. Bóyá kó kúnlẹ̀ kan ni? Bóyá kó ní òun ń ṣàìsàn? Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ré òsì kọjá, ó gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Ó ti gbàgbé pé wọ́n so ó.

Ọ̀tún lọ, òsì kò tẹ̀ lé e. Lágúnjú dá gbalaja bí igi ìrókò, ikùn, àyà, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Erùpẹ̀ gbéra. Àwọn adìyẹ ilé kejì sá. Wọ́n ní ife tó wà lórí tábìlì Oyèwọlé mì, èmi náà sì gbà.

Oyèwọlé dìde lórí àga. Láti ìgbà tó ti ń gba ìkíni, kò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀ láti inú ọkọ̀.

“Ó tó,” ó sọ. “Dìde.”

Lágúnjú kò dìde. Ẹ̀yìn ti há, ẹsẹ̀ ṣì wà nínú ọkọ̀.

“Mo ní kí o dìde, ọkùnrin yìí.”

Mùnírátù ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà náà ni Awódélé yọ orí lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ dá ṣáká bíi ti lèmọ́mù.

“Ó ní òun ò ní dìde, sà, àfi bí ẹ bá fún òun ní Ìyá Hàjàrá!”

Oyèwọlé wo ọkùnrin tó nà gbalaja. Ó wò ó pẹ́. Ó wá rọra jókòó.

“Gbogbo èèyàn ló ń wá kí mi níbí bí ẹni tí iná ń jó nílé,” ó sọ. “Èyí mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbà. Ẹ gbé e dìde.”

Mùnírátù sáré yí lọ, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́, ó ń tú kókó lábẹ́ ìjókòó. Kókó oníṣòwò kì í tètè tú. Oyèwọlé tẹ ọrùn.

“Aṣọ wo lèyí lẹ́sẹ̀ rẹ̀?”

Mùnírátù fi kókó sílẹ̀, ó gbójú sókè.

“Èmi ni mo so ó, ẹ̀gbọ́n mi,” Mùnírátù dáhùn.

Oyèwọlé mi orí sókè sódò.

“O ṣe dáadáa. Ọkọ rẹ àkọ́kọ́, ká ní a so tiẹ̀ ni, kì bá tí máa rìn kiri báyẹn.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lábẹ́ máńgòrò, Lágúnjú ń sọ bí òun ṣe fò láti inú ọkọ̀ tó ń sáré eré burúkú, tí òun yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lófuurufú kí òun tó fi àyà balẹ̀ níwájú àna òun. Awódélé ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Lódìkejì títì, Mùnírátù gbé ìborùn aláwọ̀ ewé náà sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó wo ẹnu Awódélé, ó sì fi nu òṣùwọ̀n ẹ̀wà.

Awódélé pa ẹnu dé.

“Ṣùgbọ́n ó dé,” ni Dúrósinmí wí.