Síkáàfù Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Alágbàfọ̀ dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó na ọwọ́ tó fi di ẹja mú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bẹ ológbò.

"Jọ̀ọ́, ìyá mi. Ẹyọ kan péré. Ṣáà tọ́ ọ wò."

Ojú méjì ń wò ó láti inú òkùnkùn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògiri. Wọn kò sún síwájú, wọn kò sún sẹ́yìn. Ẹja àná ṣì wà nínú àwo níbẹ̀, ó ti gbẹ. Ọjọ́ kẹta nìyí tí Ẹyinjú kò fi nǹkankan kan ẹnu.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èékánná ń họ pákó. Lánlọ́ọ̀dù ni, akọ ológbò ńlá tó ti wà nínú ilé náà láti ọdún mẹ́sàn-án, tí etí rẹ̀ kan ti ya níbi ìjà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bó ṣe máa ń jókòó sórí tábìlì tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń lọ aṣọ, tí yóò máa wo ẹni tó bá wọlé láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọjọ́ tí onítọ̀hún máa kó jáde.

Ẹyinjú kì í ṣe ti alágbàfọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ín, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún un láyé. Nígbà tí àìsàn gbé ẹ̀gbọ́n náà dé ilé ìwòsàn, kò sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ilé, ti ológbò nìkan ló ń sọ. Ó ní ọkàn òun kò ní balẹ̀ títí Ẹyinjú àti Lánlọ́ọ̀dù yóò fi jọ wà nínú yàrá kan láìjà. Alágbàfọ̀ ṣèlérí. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tó gbé Ẹyinjú wálé, ìlérí náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rù.

Ní aago mẹ́sàn-án, dókítà ẹranko yà wá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, ó wá gba kóòtù funfun rẹ̀ méjì. Ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ni. Òun ló kọ́ alágbàfọ̀ bí wọ́n ṣe ń mú ológbò méjì mọ ara wọn: kí àlejò wà nínú yàrá, kí onílé wà níta, kí wọ́n máa jẹun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn kan náà, kí ó sì máa fi àkísà nu ara ọ̀kan, kí ó tẹ́ ẹ fún èkejì, títí òórùn ara wọn yóò fi mọ́ wọn lára.

"Bàbá, ṣé ẹ ń ṣe pàṣípààrọ̀ aṣọ yẹn?"

"Lójoojúmọ́. Mi ò fo ọjọ́ kan."

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì yọ kí ó lè rí i. Àwọn àkísà náà wà níbẹ̀ ní kíká mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n funfun báláú, etí wọn gún régé. Dókítà mú ọ̀kan, ó gbé e sí imú. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ha! Ṣé kí n gbé aṣọ ìdọ̀tí fún un ni?"

"Bàbá. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ni oògùn."

Alágbàfọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń fọṣọ. Kò sí aṣọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò kan omi.

"Ìjẹta ló dẹ́kun oúnjẹ, àbí?" Dókítà rọra gbé àkísà náà padà. "Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ náà?"

Ó rò ó. Kò ṣe nǹkankan. Aṣọ ìbora tó bá Ẹyinjú wá láti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni, tó kún fún irun, tó ń rùn díẹ̀. Ó fà á yọ lábẹ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó sì dá a padà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

"Kò tún sí aṣọ ẹ̀gbọ́n yín míràn tí ẹ ò tíì fọ̀?"

Kò sí. Ọjọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn ló ti lọ kó gbogbo aṣọ inú yàrá rẹ̀, èyí tó dọ̀tí àti èyí tó mọ́. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó sì tò ó sínú àpótí. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun padà wá bá ilé tó mọ́ tónítóní.

"Ẹ lọ gba èyí tó wà lára wọn," ni dókítà wí. "Lónìí. Ológbò tí kò jẹun ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bàjẹ́ yẹn. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la tí kò jẹ, ẹ gbé e wá, a ó fa omi sí i lára. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, Bàbá. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ní aago méjì, nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá kí aláìsàn, nọ́ọ̀sì kan pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ bá wa yọ̀, Bàbá. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́."

Láti ọjọ́ tó ti débẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń bá wọn fà á: ó bá ẹni tó ń nu ilẹ̀ jà nítorí fèrèsé, ó bá dókítà jà nítorí pé ó ń kọ̀wé bí adìẹ tó ń họlẹ̀. Inú alágbàfọ̀ dùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà dáadáa.

Oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìdérí wà lórí rẹ̀.

"Ẹ ò tíì jẹun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Màá jẹ ẹ́ tó bá yá. Ẹyinjú ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rẹ́?"

"Ó kù díẹ̀." Ó wo ilẹ̀. "Síkáàfù orí yín ni mo wá gbà. Kó lè máa gbóòórùn yín."

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí o. Ìwọ náà sì ni o fẹ́ gbà á? Ìwọ tí o bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn àlejò nítorí àbàwọ́n ọbẹ̀?"

"Mi ò ní fọ̀ ọ́. Mo búra."

Ó ti to àwíjàre jọ láti ọ̀nà, nítorí kò rí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣíṣí rí láti ìgbà tí wọ́n ti dàgbà. Lọ́jọ́ tí iná mú ilé ìdáná rẹ̀, síkáàfù ló kọ́kọ́ wá kó tó sá jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn gbé ọwọ́ sókè, ó tú u, ó sì nà án sí i. Irun rẹ̀ funfun, ó sì ti re kù díẹ̀. Kò béèrè òmíràn.

"Mú un lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí o pè mí."

Alágbàfọ̀ fi síkáàfù náà sínú ọ̀rá, ó dì í lẹ́nu pinpin kí òórùn má bàa sá lọ. Ó gba ẹ̀wù ìsùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ láàárọ̀ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbà á lójoojúmọ́.

Nígbà tó délé, ó tẹ́ síkáàfù náà sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sílẹ̀, ó ń retí. Kò pẹ́ tí Ẹyinjú fi jáde. Ó ti gbẹ, egungun ìbàdí rẹ̀ yọ síta. Ó gbóòórùn aṣọ náà láti etí kan dé èkejì, ó yípo lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Omijé bọ́ lójú alágbàfọ̀. Ó sáré lọ gbé ẹja tútù wá, nínú ìdùnnú náà ló sì gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn.

Lánlọ́ọ̀dù wọlé. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ìrù rẹ̀ wú. Alágbàfọ̀ fò dìde láti gbá a mú, ṣùgbọ́n akọ ológbò náà ti dé orí Ẹyinjú. Ẹyinjú la ojú, ó wò ó, ó sì tún pa ojú dé.

Lánlọ́ọ̀dù dúró bí ẹni tó gbé ìjà lọ sílé onílé tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ó gbóòórùn orí àlejò náà. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yí sí àwo, ó jẹ gbogbo ẹja inú rẹ̀ tán, ó sì dùbúlẹ̀ sí etí síkáàfù náà.

Àwọn méjèèjì, nínú yàrá kan, láìjà. Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín sókè. Ó lọ bu ẹja míràn, ó sì fi ẹyọ kan kan ẹnu Ẹyinjú. Kò jẹ ẹ́. Kò sì yí orí kúrò. Ó jẹ́ kí ẹja náà wà létè òun títí ó fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti rẹ́?"

"Wọ́n jọ wà nínú yàrá kan náà."

"Lánlọ́ọ̀dù ò bá a jà?"

"Kò bá a jà."

"Òun náà ńkọ́? Ẹni tó máa ń bá òjìji ara rẹ̀ jà."

"Kò ṣe nǹkankan fún un, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó jẹun?"

Ó wo àwo tí Lánlọ́ọ̀dù ti jẹ tán. "Àwo ti ṣófo."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fún yín ní nǹkan bo orí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́."

"Fi sílẹ̀, àbúrò mi. Kò yọ mí lẹ́nu."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń rántí nọ́ọ̀sì tẹ̀rín-tẹ̀rín lẹ́nu ọ̀nà, àti bí òun ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n òun náà kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, kò sì jẹun. Ó sáré lọ sẹ́yìnkùlé láti wá ẹ̀wù ìsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ ti rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ nígbà tó wọlé, kó tó mọ̀. Ó fà á yọ, ó fún un, ó gbé e sí imú. Ọṣẹ ni.

Ó padà sínú yàrá. Ó dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó sì fi imú kan etí síkáàfù náà níbi tó kù fún un. Lánlọ́ọ̀dù sún fún un. Ẹyinjú kò sún, kò sì kọ̀.