Àròkọ Tó Kúnlẹ̀ Kí Ọ̀gá

Eyín ni Ẹnu-Abẹ ń dán lọ́wọ́ nígbà tí èsì ìdánwò wọlé sórí fóònù rẹ̀. Kì í ṣe eyín ẹnu tirẹ̀ o. Eyín àtọwọ́dá ni, iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Ìdánwò ọ̀hún sì ni èyí tí yunifásítì fi ń ya ọkà kúrò lára èèpo láàárín àwọn tó bá fẹ́ gboyè kejì.

Ìṣirò: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ tán. Ìwé kíkà: ó dára. Àròkọ: méjì nínú mẹ́fà. Yunifásítì sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé ẹni tí kò bá gba mẹ́rin nínú àròkọ, kó jókòó sílé rẹ̀.

Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń po ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe erìgì, yọjú wo fóònù náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ? Méjì? Ìwọ tí o bá oníbàárà jà tó fi eyín ẹ̀ sílẹ̀ sá lọ?"

"Ẹfun ẹ ń gan," ló dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ti òun sí gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Bọ̀dá yìí ló ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìdánwò náà nínú pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Purofẹ́sọ̀, kò sì sọ fún wọn rí pé oyè náà kì í ṣe tòun.

Ìbéèrè tó wá rọrùn bí ẹni mumi. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bàtà kan kọ̀wé pé láti ìgbà tí àwọn ti kun ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ní pupa ni ọjà ti ń tà níbẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n kun gbogbo ìyókù ní pupa. Wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣe ìdánwò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ ọwọ́ á rí ihò tó wà níbẹ̀. Àmọ́ Bọ̀dá ti kọ́ wọn pé àgbàlagbà làwọn tó ń máàkì, pé ẹni tó bá já ọ̀gá nírọ́ nínú àròkọ, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, kí wọ́n tún yìn ín, kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ gbànkọgbì kan dé e lórí. Ẹnu-Abẹ, tó ń já gbogbo ayé nírọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wá gbé ahọ́n rẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó lò ó. Ó yin ọ̀gá oníbàtà títí àkókò fi tán. Ó kí i kú ọgbọ́n, ó kí i kú ọ̀dà.

Ó dúró di ìgbà tí Bọ̀dá ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó mú ọkọ rẹ̀ dání, ó di pálọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Bọ̀dá mi, mo gba méjì."

"Ìyàwó, o ò yìn ín tó ni."

"Mo yìn ín débi pé ó kù díẹ̀ kí n fẹ́ ẹ."

Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ húkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, nígbà tẹ́yin ṣe é, mélòó lẹ gbà?"

"Ṣé dókítà tó ń gbẹ̀bí ló ń rọbí?" Bọ̀dá na ìka mẹ́ta sókè. "Gbọ́, ìyàwó. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ wọn, mẹ́ta ti wọ yunifásítì. Kí nìyẹn fi hàn? Pé ẹ̀kọ́ mi dára. Kí gbogbo yín yáa máa gbà á bí mo ṣe ń fún yín."

Ẹnu-Abẹ gbójú sókè. Ọ̀gá oníbàtà gan-an ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí. Ọ̀dà pupa nìkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mẹ́ta wọlé," ló wí, lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. "Mélòó ló wá síbí tí ò wọlé? Ẹ ò ka àwọn yẹn. Mélòó ló wọlé tí ò mọ ọ̀nà pálọ̀ yìí rí? Àwọn mẹ́ta yẹn ńkọ́, ṣé wọn ò kàwé fúnra wọn nígbà tí wọ́n délé? Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Ṣé àkùkọ ló wá fa oòrùn jáde?"

"Ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n o," ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo mọ̀, ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn. Orúnkún mi bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọpọlọ mi ò sí nínú ẹ̀."

Bọ̀dá ní ẹnu yẹn ni kò ní jẹ́ kó débì kankan láyé, ó sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ṣí ojú ewé tó kàn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tún lè ṣe ìdánwò náà kí yunifásítì tó ti ìlẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ilé ìwòsàn kan ló ń fọ́nnu pé láti ìgbà tí àwọn ti gbin òdòdó sẹ́nu géètì ni ara àwọn aláìsàn ti ń yá kíákíá. Ẹnu-Abẹ bẹ̀rẹ̀. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti kọ "Ọ̀gá wa ọ̀wọ́n." Ó pa á rẹ́. Ó fi Bọ̀dá sí ìjókòó ọ̀gá náà lọ́kàn rẹ̀, lọ̀rọ̀ bá ń tú jáde: àwọn tó kú lẹ́yìn òdòdó yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò gba dókítà tuntun lásìkò kan náà? Ta ló ní wọn ò máa lé aláìsàn sílé kó tó yá? Kò sí gbànkọgbì kankan nínú rẹ̀.

Márùn-ún ló gbà. Yunifásítì mú un.

Ọkọ rẹ̀ sáré lọ ròyìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó dé, orí ló ń họ.

"Bọ̀dá ní wọ́n kí ẹ. Wọ́n ní ó ti di mẹ́rin."

"Mẹ́rin kí ni?"

"Àwọn tí wọ́n kọ́ tó wọlé."

Ẹnu-Abẹ rò ó wò díẹ̀. "Padà lọ sọ fún wọn pé wọ́n jàre. Bí kì í bá ṣe irọ́ wọn, ibo ni ǹ bá ti rí nǹkan fi dánra wò?"

Ọkọ rẹ̀ ní òun ò lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n òun láéláé.

"Kò sóhun tó burú níbẹ̀," ló wí, ó dìde. "Mo kúkú lẹ́sẹ̀."