Ìṣáná Mẹ́wàá

Ọ̀lẹ ò pọ̀ níbì kan bíi láàárín àwọn tó ń kọ́ fayólíìnì. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà ni. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, kò sì sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tí n kò tíì rí. Ọmọ á ta ibi tó ti mọ̀ dunjú, á fo ibi tó le bí ẹni ń fo gọ́tà, á wá ní òun ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Irọ́ ni. Fàájì ló ń ṣe.

Ìdí tí mo fi ní òfin ìṣáná nìyẹn. Wàá to igi ìṣáná mẹ́wàá sí apá òsì lórí pẹpẹ ìwé orin. Wàá mú ibi tó le, ìlà kan péré, wàá rọra ta á. Bó bá lọ geere láìsí àléébù, igi kan á sún sí apá ọ̀tún. Bí ìka bá ṣì tẹ okùn lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ lórí ìkẹwàá, gbogbo wọn á padà sí òsì, wàá tún bẹ̀rẹ̀ látorí oókan. Tíṣà tó kọ́ èmi náà ló kọ́ mi ní òfin yìí, àmọ́ igi mẹ́ta péré ni tiẹ̀. Mo fi mẹ́ta tiẹ̀ yẹn lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ orin gíga lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá fi ẹnu ara mi dá ẹjọ́ náà: mẹ́ta ti kéré jù.

Kékeré ni ọmọ tí àbúrò mi obìnrin bí. Bẹ́ẹ̀ la máa ń pè é nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ ga, ọwọ́ rẹ̀ náà ò sì tóbi. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje ló ti ń wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ilé ìwé, torí pé ìyá rẹ̀ máa ń fọ aṣọ ní ọsibítù títí di ìrọ̀lẹ́. Bọ̀dá tí ìyá rẹ̀ ń pè mí lòun náà ń pè mí. Èmi ò bímọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ara mi lọ, mo sì fẹ́ kó wọ ibi tí wọn ò jẹ́ kí èmi wọ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó ku oṣù márùn-ún kó ṣe ìdánwò, mo gbọ́n ọgbọ́n kan. Àwọn tó ń fi fayólíìnì wá àyè pọ̀ bí eṣú. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó gbé fíólà. Fíólà ni ẹ̀gbọ́n fayólíìnì: ó tóbi jù ú lọ, ohùn rẹ̀ wúwo, àwọn tó ń ta á ò sì pọ̀. Ohun tí n kò kà sí ni pé bí ọrùn rẹ̀ ṣe gùn tó ni ìka ṣe gbọ́dọ̀ nà tó. Ìlà kan wà nínú orin ìdánwò náà tí ìka ọmọńdinrín gbọ́dọ̀ nà jáde, kó sì dúró ṣinṣin. Kékeré ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń na ọwọ́ mú nǹkan lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni.

"Bọ̀dá, ìka mi yìí ń ta mí," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Láàárọ̀ yìí, mi ò lè fi di bọ́tìnnì."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ni mo fi dá a lóhùn. "Ṣé o rò pé ọwọ́ àwọn tó wọlé ò dùn wọ́n ni?"

"Ó ju kó máa dunni lọ. Ó máa ń kú, bí ẹni pé kì í ṣe tèmi."

"Ìka kan ò kú rí. Ó yá, to ìṣáná rẹ."

Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú mi dùn, mo ní ó ti ń dàgbà.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní iṣẹ́ níta lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi í sílẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. "Ìlà yẹn nìkan lónìí o," ni mo wí. "Tí mo bá dé, mi ò fẹ́ bá igi kan lápá òsì."

"Ẹ ò ní bá a, Bọ̀dá."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá kí n tó padà. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó rí mi. "Tíṣà, ọmọ yín ò tíì jẹun láti àárọ̀ o. Mo pè é kó wá mu omi, kò dáhùn. Àbí ẹ fẹ́ fi orin pa ọmọ ọlọ́mọ ni?" Mo ní kó gbájú mọ́ bàtà rẹ̀.

Òkè dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí mo fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Bí mo ṣe dé àárín, fíólà bẹ̀rẹ̀. Ó mọ́. Mo dúró. Ó tún ta ìlà náà, ó tún mọ́. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ń kà á lórí ìka ara mi: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Lórí ìkẹfà, ohùn ìka ọmọńdinrín yẹ̀ díẹ̀. Ó dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ń dá àwọn igi padà sí òsì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá wọn padà. Ìka yẹn ń falẹ̀, ó ń dé lẹ́yìn àwọn yòókù bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Mo ní tí mo bá wọlé, mo máa tù ú nínú. Odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi dúró síbẹ̀, tí mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí òmùgọ̀. Nígbà tó pé mẹ́wàá, mo pàtẹ́wọ́, mo sáré wọlé.

Gbogbo igi wà lápá ọ̀tún. Kékeré ti jókòó, fíólà wà lórí itan rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì, bó bá sì ti fi í sílẹ̀, ìka náà á tún ká wọ àtẹ́lẹwọ́.

"Bọ̀dá, kò gbọ́ tèmi mọ́," ló wí. Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Dókítà ní ọjọ́ ti pẹ́ tí ọwọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, pé ká ní ó ti sinmi nígbà tó kọ́kọ́ ń kú ni, ì bá ti yá. Ó wá bi í pé, "Ta ló ń kọ́ ẹ?" Kékeré ní òun ló ń kọ́ ara òun. Mo jókòó síbẹ̀, n kò la ẹnu mi.

Ọjọ́ ìdánwò dé, ó kọjá. Oṣù mẹ́rin tún kọjá lé e. Ìka náà ń ṣí dé ìdajì báyìí. Ó lè fi di bọ́tìnnì, kò lè fi tẹ okùn. Àbúrò mi wá, mo sì ti múra de èébú. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bọ̀dá, àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré." Ó pa ilẹ̀kùn dé, kò sì pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kékeré fúnra rẹ̀ wá kó àwọn ìwé rẹ̀. Ó ti ń bá ìyá rẹ̀ fọ aṣọ ní ọsibítù. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń ṣàlàyé, mo ní n kò mọ̀ pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀. Ó di ìwé tán kó tó wò mí lójú.

"Mo ti jáwọ́ lọ́jọ́ yẹn, Bọ̀dá," ló wí. "Ní bí aago méjì. Mo rí i pé ìka mi ò dáa, mo bá gbé fíólà sílẹ̀. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rù bà mí, mo bá tún gbé e."

Ó gbé ọwọ́ lé àwọn ìwé náà.

"Mo tún gbọ́ nígbà tí ẹ dúró. Bí mo ṣe ń ta á, mo ń sọ fún ara mi pé, Bọ̀dá mọṣẹ́, wọ́n máa gbọ́ pé ìka mi ti kú, wọ́n máa wọlé wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

Tí mo bá ní n kò gbọ́, á gbà mí gbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ náà sì ti wà lórí ahọ́n mi.

"Mo gbọ́ ọ," ni mo wí. "Mo ń ka iye tó kù ni."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó fi apá ọ̀tún gbé àwọn ìwé náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.