Jalabíà Nùrẹ́nì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìgbà tí wọ́n bá jẹ sàárà ogójì tán ni opó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ilé wa ní Ìkòtún kún fọ́fọ́. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá, àwọn káfíńtà ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ní, “Sìkírátù, a ò ní fi ẹ́ sílẹ̀.” Irọ́ ńlá! Bí wọ́n ṣe ṣanwọ́ tán, ó di èmi àti ògiri. Hamdalah, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, oyún ò sì jẹ́ kó lè wá jókòó tì mí.

Èmi náà ò lè jáde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti kìlọ̀ pé títí opó fi máa parí, ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ kan àgbàlá pàápàá. Ìyá Ṣeunfúnmi, onígbàgbọ́ tó wà ní yàrá kejì, òun ló ń bá mi ra nǹkan lọ́jà, tó ń bá mi sá aṣọ sóòrùn. Ọlọ́run á bá mi san án fún un, àmọ́ kì í lè jókòó. Ó ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọmọ mẹ́rin.

Ohun tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn ni jalabíà funfun tí Nùrẹ́nì ọkọ mi wọ lọ kí Jímọ̀ ìkẹyìn. Mi ò fọ̀ ọ́. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀: òógùn, lọ́fíńdà, àti òórùn pákó tí kì í kúrò lára káfíńtà. Láràárọ̀ ni mo ń fi bo ojú, màá sunkún díẹ̀, kí n tó dìde ṣe àlùwàlá. Ẹ pè mí ní wèrè, mo gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, NEPA mú iná dé, ẹnì kan sì tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sínú táǹkì. Páìpù tó gba ara ògiri yàrá mi kọjá bẹ́, gbòà! Omi tú bò mí. Mo fa wáyà fíríìjì yọ, torí omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Mo já jalabíà kúrò lára ìṣó; etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti tutù. Mo gbé e sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí omi ò dé, mo wá figbe ta lójú fèrèsé.

“Ìyá Ṣeun o! Gbà mí! Bá mi pa ẹ̀rọ omi!”

Kò fi falẹ̀. Ó pa á, ó sáré wọlé. A gbé fóòmù nàró, a ká kápẹ́ẹ̀tì, mo ń fi abọ́ bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, òun ń gbé e dà nù. A bú lándílọ́ọ̀dù pọ̀, a rẹ́rìn-ín. Háà, ara mi yá! Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

“Ìyá Hamdalah, ẹ jẹ́ kí n kó àwọn aṣọ tó tutù yìí jáde,” ó ní. “Tí a bá fi wọ́n sílẹ̀ dọ̀la, wọ́n á bàjẹ́.”

Mo ní kó máa kó wọn, jàre. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mo ń fi àkísà nu ilẹ̀, mi ò gbójú sókè.

Ìgbà tí mo máa nàró, àga ti ṣófo.

Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyá Ṣeunfúnmi wà nídìí kànga, ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ọṣẹ dé ìgúnpá, jalabíà ló ń gbo.

“Dúró! Dúró ná!” Mo ti dé àárín àgbàlá kí n tó mọ̀.

“Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ padà sínú ilé! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá bá yín jà ni? Mo ti ń parí ẹ̀. Ọrùn èyí dọ̀tí ṣá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ọṣẹ sí i.”

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e símú. Ọṣẹ. Ọṣẹ nìkan. Inú bí mi gan-an. Obìnrin náà ń wò mí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ohun tí mo máa sọ. Kí ni kí n sọ? Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó ń yọjú sí mi nìyí.

“Ó mọ́ o, Ìyá Ṣeun. O ṣé gan-an. Ọlọ́run á san án fún ẹ.”

Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà á, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó sá a sórí okùn. Mo wọlé padà, mo jókòó sórí pákó bẹ́ẹ̀dì, torí fóòmù ṣì tutù. Ọjọ́ yẹn ni Nùrẹ́nì tó kú.