Aṣọ Ìdárayá Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bọ́ Sílẹ̀

Bí wọ́n bá bí ọ ní ọdún mẹ́ta géérégé lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ní ìlú Kojima tiwa, o ti gbé. Àwọ̀ ló fà á. Ní iléèwé wa, ọdún mẹ́ta lèèyàn ń lò, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ aṣọ ìdárayá tirẹ̀: pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Àwọ̀ tí àwọn tó ń jáde bá bọ́ sílẹ̀ lóṣù kẹta ni àwọn ọmọ tuntun ń gbé wọ̀ lóṣù kẹrin. Àwọ̀ ewé ni Masae ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀. Èmi Itsuko ló kàn. Ká ní wọ́n bí mi lọ́dún kan ṣáájú ni, wọn ì bá ra tuntun fún mi tipátipá. Orúkọ ìdílé wa, Nishiwaki, tí wọ́n fi òwú funfun kọ sí àyà rẹ̀ pàápàá, kò nílò àtúnkọ.

"Màmá, ó ti ṣá."

"Oòrùn ló mú un. Oòrùn kì í ya aṣọ."

"Ẹ wo orúnkún ẹ̀, ó ti yọ gọ̀ǹgọ̀."

"Ara ti mọ́ ọn nìyẹn. Ìyá tó bí mi, kìmónò tó gùn dé kókósẹ̀ ló fi ń fò níléèwé. Ó fò, ó balẹ̀, ó sì bí mi. Wọ̀ ọ́."

Kí ni iṣẹ́ ìyá mi? Aṣọ iléèwé tuntun ló ń rán fọ́mọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ dalẹ́ nílé iṣẹ́ aránṣọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ orúnkún aṣọ náà nílẹ̀ títí ó fi ya. Màmá rán an débi pé ibi tó ya ló wá le jù lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Tokie Kuramoto ló wá ń pa mí. Ilé wọn ló kángun sí tiwa, kíláàsì kan náà la wà, àkọ́bí sì ni. Aṣọ tirẹ̀ ṣì ní ojú ibi tí wọ́n ti ká a nínú páálí. Bó bá ń rìn, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìlara ò dáa. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, aṣọ tuntun ló wà lọ́rùn ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje eré sísá, Tokie fà mí lọ sẹ́yìn yàrá ìkẹ́rùsí. Mo ní eléyìí ti fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

"Itsuko, jẹ́ ká pààrọ̀ aṣọ. Tòní nìkan."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Aṣọ yẹn gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mẹta lọ́rùn ẹ̀gbọ́n ẹ. Bó o bá ń kọjá, gbogbo tíṣà ló ń wò ó. Èmi ńkọ́? Mo dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já."

Àṣé oṣù márùn-ún tí mo fi ń jowú rẹ̀, òun náà ń jowú mi. N kò bọ́ aṣọ yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìsọ̀rí kẹta ni mo wà. Mo sáré, aṣọ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo sì gba ipò kìíní. Tíṣà tuntun tó dúró lópin kò mọ̀ wá rí. Ó wo àyà mi, ó kọ ohun tó kà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bá ké: "Ìsọ̀rí kẹta, ipò kìíní, Kuramoto." Ìyá Tokie dìde lórí ẹní tí àwọn òbí tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń tẹrí ba fún gbogbo ayé, ẹyin díndín ṣì wà lẹ́nu igi méjì tó fi ń jẹun. Ẹ ti rí ẹni tó ń jowú ara rẹ̀ rí? Èmi rèé.

Ìsọ̀rí karùn-ún ni ti Tokie. "Ipò kẹfà, Nishiwaki." Ẹni mẹ́fà péré ló sáré.

Ìyá mi gbé ìṣù ìrẹsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Masae, tó ti wọ iléèwé girama àgbà, tó wá wòran, dìde fùú. Ó gba àárín pápá kọjá lọ bá Tokie, àyà aṣọ ló ń wò.

"Aṣọ yìí ò ṣe ipò kẹfà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rán an." Ó wá gbójú sókè. "Ta nìyí?"

Tokie tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n Masae. Mo rò pé ó máa sáré ni."

"Aṣọ ló máa sáré? Bọ́ aṣọ mi."

"Tèmi ni." Ẹnu mi lọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu.

Masae yíjú sí mi, ó ka àyà mi. "Kuramoto, ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Mo lọ bá tíṣà, mo jẹ́wọ́. Ó fa ilà pa orúkọ méjèèjì. Pẹ́ńsù tó jẹ́ ẹ̀bùn ipò kìíní di ti ọmọbìnrin kan tó ṣe ìkejì, tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn bóyá wọn ò ní gbà á padà.

Masae lé wa wọ kíláàsì ká lọ pààrọ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Tokie di sípù mú, ó ń wo èmi. Èmi náà di tèmi mú, mò ń wo òun.

"Ìwọ kọ́kọ́ bọ́ tìẹ."

"Ìwọ ni."

Wọ́n ti ń pe kíláàsì wa síta fún fífa okùn. Masae ń gbá ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó bọ́ aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ nínú wa.